Sàfúrà, N Kò Fún Ẹlẹ́pà Ní Ìwé Gíríìkì Rẹ

Kambolé,
ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán

Sàfúrà ọmọ mi, ìyá Awáwù, ìyá Ìdírísù,

Mo kí ọ kú ilé tuntun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé náà tù yín lára, kí òrùlé rẹ̀ má jò, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ nínú rẹ̀. Bá mi kí Nurudíìnì ọkọ rẹ. Sọ fún un pé mo gbọ́ pé iṣẹ́ ọsibítù Sokodé pọ̀ ju ti dìspánsẹ́ẹ̀ Tchamba lọ, àti pé kó máa jẹun kó tó jáde. Nọ́ọ̀sì tí ebi ń pa, ta ni yóò tọ́jú òun náà?

Mo mọ̀ pé wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá rẹ ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kẹ̀? Ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, Awáwù ló ń gbé e. Á sọ fún mi pé ológbò aládùúgbò yín ti bímọ, Ìdírísù á já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, á tì í bọnu, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn ju èyí tí ọmọ lè jẹ mọ́ mi lẹ́nu lọ. Mo ti gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kíkọ ní Ṣakí, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kékeré. Bí àmì ohùn kan bá fò mí, bá mi fi sí i. Ìwọ ni olùkọ́ iléèwé lísè, èmi kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o fi ń kọ́ Gíríìkì àtijọ́ ni.

Nígbà tí ẹ ń kó kúrò ní Tchamba, tí ẹ gbé àwọn páálí wá kí n bá yín tọ́jú wọn, mo rí i tí o gbé ìwé náà sórí gbogbo rẹ̀, bí ohun tí èèyàn kò fẹ́ gbé mọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ó tẹ̀. Mo ní, "Èyí ńkọ́?"

O ní, "Ìyá, ẹ fún ẹlẹ́pà, kó máa fi wé ẹ̀pà. C'est fini, ó tán. Ọmọ méjì, iṣẹ́, ilé tuntun. Èwo ni tèmi tèdè àwọn tó ti kú tipẹ́?"

Mo ní, "Ṣé ó sú ọ ni?"

O ní, "Kò sú mi. Àyè ni kò sí. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà." O wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ń wá bàtà Ìdírísù káàkiri yàrá. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Èmi ni mo bí ọ, Sàfúrà. Nígbà tí o bá ń wá ohun tó wà níwájú rẹ, ẹkún lo ń pa mọ́. Nítorí náà n kò fún ẹlẹ́pà ní nǹkan kan. Bí o bá kọ̀wé sí mi pé lóòótọ́ lóòótọ́ ìwọ kò fẹ́ràn èdè yìí mọ́, ọwọ́ mi ni n óò fi gbé ìwé náà fún un, n kò ní bá ọ jà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé tìtorí ọmọ ni o ṣe fẹ́ pa á tì, jókòó, kí o gbọ́ tẹnu mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí ẹ lọ tán, mo ní kí n wo ohun tó ń gba oorun lójú ọmọ mi láti ọjọ́ yìí. Mo ṣí ìwé náà. Ẹ̀yìn ni mo ti ṣí i! Bí a ṣe ń ṣí ìwé kéwú ni ọwọ́ mi ṣe, n kò tilẹ̀ rò ó. Mo rí ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tò wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ewé kan, ojú ewé kejì, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà le o, tó bá jẹ́ irú èyí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọmọdé. Ó tó ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó rí i pé nọ́ńbà ojú ewé ń dín kù dípò kó máa lé sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá Ràfíátù fi yọjú lórí ògiri, tó ní ṣé kò sí.

Mo wá lọ síwájú ìwé bí ẹ̀yin èèyàn Faransé ṣe ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn lẹ́tà náà, tí o fi pẹ́ńsù kọ bí a ṣe ń pè wọ́n sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: álífà, bẹ́tà. Mo gbé orí sókè. Lódìkejì ọ̀nà, àwọn ọmọ kéwú ń ké lọ́wọ́: álífù, báù. Háà! Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ni, àbí wọ́n kàn jọ pàdé lọ́nà? N kò lè gbé e mọ́ra. Mo wé gèlè mi, mo lọ bá Àáfà, ẹni tó kọ́ ìwọ náà ní kéwú. Ìyá Ràfíátù ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èdè àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni, pé kí n ṣọ́ra, kí ọmọ mi má lọ sọnù. Mo fẹ́ gbọ́ ti Àáfà.

Àáfà gba ìwé náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Yúnánì nìyí. Èdè àwọn ará Yúnánì, àwọn tí ẹ̀ ń pè ní Gíríìkì. Ìyá Sàfúrà, àwọn onímọ̀ tiwa láyé àtijọ́ jókòó ti ìwé ìṣègùn àwọn èèyàn yìí, wọ́n tú u sí Lárúbáwá. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, n kò tíì rí lẹ́tà wọn rí." Ó tún wò ó. Ó ní, "Ta ló ń kọ́ Sàfúrà?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni. Òun nìkan ni."

Ó ní, "Láìsí olùkọ́? Tòun tọmọ lẹ́yìn?" Ó pa ìwé náà dé. "Bó bá wá sílé, ẹ ní kó wá kà díẹ̀ sí mi létí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń dún."

Ṣé o rí i? Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń ṣe òfíntótó. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti kún inú mi. Àwọn èèyàn náà, ṣé wọ́n ń pọn ọmọ? Kí ni wọ́n ń gbìn? Nígbà tí ọmọ wọn bá ń ké, kí ni wọ́n ń wí fún un? Báwo ni èdè kan ṣe ń wà tí ẹnikẹ́ni kò fi ná ọjà mọ́, síbẹ̀ tí ó ń pe ọmọ Kambolé kan láti inú ìwé? Àwọn wo ló kẹ́yìn sísọ ọ́, ṣé wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ló kẹ́yìn? N kò mọ ẹni tí n óò bi.

Ó yá, ìmọ̀ràn kù.

Èkíní. Má ṣe sọ pé "ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà." Mo ti sọ ọ́ rí, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé. O mọ̀ pé wọ́n ṣe wòlímà fún mi kí wọ́n tó gbé mi fún bàbá rẹ. Wọ́n wọ̀ mí láṣọ funfun, mo jókòó láàárín èrò, mo ka tèmi, wọ́n pa ewúrẹ́, gbogbo ènìyàn ní mo ti ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa ṣe rí: bí wọ́n bá ti jẹ ẹran wòlímà ìyàwó tán, kò sẹ́ni tí yóò bi í mọ́ pé ibo ló kà dé. Ṣùgbọ́n bàbá Àáfà yìí, tó kọ́ mi, pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kíkà lo mọ̀, a ò tíì dé ìtumọ̀." Inú mi dùn! Mo lọ bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lúkúmọ́nù ẹ̀gbọ́n rẹ wá dé. Mo gbé wàláà mi sí àjà ilé ìdáná, mo ní tó bá ti rìn. Ó rìn. Oyún rẹ ti dé. Mo ní tí ìyẹn bá ti já lẹ́nu ọmú. A kó lọ Sokodé, mo ń ta aṣọ, àbúrò rẹ tún dé.

Nígbà tí a padà wálé, tí àbúrò rẹ ti ń lọ iléèwé, mo gbé wàláà náà sọ̀kalẹ̀. Ikán kò jẹ ẹ́. Èéfín ló bò ó, mo fọ̀ ọ́, ó mọ́ tónítóní. Ojú mi ni kò dá lẹ́tà rẹ̀ mọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Mo ń wo àwọn lẹ́tà tí mo ti mọ̀ rí, mo ń nàka sí wọn, wọn kò dá mi lóhùn. Ohun tí mo fi ń kírun wà lẹ́nu mi, mo dúpẹ́. Ojú mi kò dá a mọ̀ nínú ìwé mọ́, mi ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní bí kò ṣe èyí tí wọ́n bá wí fún mi. Ó dùn mí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yín rí nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ̀yin kọ́. Èrò orí mi ló fà á, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yóò wá bá mi, tí yóò ní, "Ìyá, mo ti dàgbà o, ẹ máa lọ kàwé." Sàfúrà, ọjọ́ yẹn kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Ìwọ ti dàgbà, o ní ọkọ, o ní ọmọ, èmi ṣì jókòó sábẹ́ igi, mò ń dààmú lórí rẹ.

Èkejì. Má jẹun ju ẹnu rẹ lọ. Mo wo àmì pẹ́ńsù rẹ nínú ìwé náà. Níbẹ̀rẹ̀, ó dúdú bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ó di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà mo rí ibi tí bisikíìtì rún sí. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo. Bí lísè ṣe ń sáré tẹ̀lé ètò ọdún ni ìwọ náà ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ ní ìdánwò. Rántí bí a ṣe ń ṣe nílé kéwú. Àáfà kò kọ ju ìlà díẹ̀ lọ sí ọ ní wàláà. Wàá ké e títí ẹnu rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kí o fọ̀ ọ́, ì báà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wàá fi omi fọ̀ ọ́, wàá kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń kánjú, gbogbo wa la sì dé òpin. Wá wàláà kan. Ògiri ibi tí o ti ń fọ aṣọ ọmọ náà lè jẹ́ wàláà, fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìlà kan síbẹ̀, kí o máa fọ aṣọ, kí o máa ké e. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Kí o sì yé fi òru ṣe é. O ti sọ fún mi pé o máa ń sùn lé ìwé lórí, tí inú á máa bí ọ sí gbogbo ayé ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí omi ẹ̀kọ bá wà lórí iná, tí Ìdírísù kò tíì jí, ìyẹn tó. Kí omi tó hó ni kí o ti parí. Tó bá jí, pa ìwé dé, gbé ọmọ rẹ, kí o má sì kùn.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Má kà á nínú. Ké e síta, kí àwọn ọmọ gbọ́. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sokodé, n kò gbọ́ Tem rárá. Gbogbo àwọn tó yí mi ká lọ́jà ń sọ ọ́, ojú ń tì mí, mo bẹ ọmọ Yorùbá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí kó máa bá mi túmọ̀. Ó rọrùn fún mi, n kò sì kọ́ nǹkan kan. Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ni o gbà mí. Àwọn obìnrin Tem á wá bá ọ ṣeré, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, ìwọ á sọ ọ́ padà fún wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n wá ń sọ ọ́ lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tí í fi ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń fi Tem ná ọjà, mo tilẹ̀ ń fi bú èèyàn. Mo rò pé ọmọ ń dí mi lọ́wọ́, ẹ̀yìn mi gan-an ni olùkọ́ mi wà.

O lè ní Tem yàtọ̀, pé àwọn ẹlẹ́nu rẹ̀ wà láàyè. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí o kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé páálí wá, nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń já ẹrù, Awáwù kó òkúta jọ sídìí igi yìí, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mo tẹ́tí. Álífà. Bẹ́tà. Gámà. Ó fo èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní òkúta náà ń sùn. Ta ló kọ́ ọ? O rò pé ariwo wọn ló ń gba ìwé mọ́ ọ lọ́wọ́, o kò mọ̀ pé ìwé ti wọ inú ariwo wọn. Máa ké e nígbà tí o bá ń di irun rẹ̀. Tí o bá ṣì í pè, kí ló burú níbẹ̀? Abéèrè kì í ṣìnà. Wá ẹni tó gbọ́ ọ ní Lomé tàbí níbi yòówù, kí o bi í ní ohun tó bá rú ọ lójú, láìtijú.

Ti ọkọ rẹ. Má fi ìwé pamọ́ fún un bí ẹni tó fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìkòkò. Mo bi í nígbà tó wá. Ó ní, "Ìyá, mi ò lòdì sí i o. Mais kí ló fẹ́ fi ṣe?" Mo ní ṣé kò sí ohun tí o ti sọ fún un rí nínú rẹ̀ ni. Ó ronú. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní o sọ fún òun pé ọ̀rọ̀ hépatite tí òun ń kọ sí káádì aláìsàn lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìgbàanì ṣe ń pe ẹ̀dọ̀. Ó ní ọjọ́ náà ni òun rí i pé òun ti ń sọ èdè náà láìmọ̀. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́! Ọkùnrin tí inú rẹ̀ dùn báyìí, ọ̀rẹ́ rẹ ni, kì í ṣe ọ̀tá ìwé rẹ. Máa bu díẹ̀ fún un jẹ. Kí o sì bẹ̀ ẹ́ ní tààrà pé kó máa gbé àwọn ọmọ jáde ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Má retí kó fi ojú inú mọ̀ ọ́n. Àti pé, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí Gíríìkì. Mo mọ̀ ọ́.

Àwọn tó ń bi ọ́ pé kí ni èrè rẹ̀, má bá wọn jiyàn. Oníṣòwò ni mí, mo mọ èrè, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń gbé lọ sọ́jà. Ó dùn mọ́ ọ. Nígbà tí o ń ṣe é, ojú rẹ ń dán, o kì í jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Mo rí ìyẹn pẹ̀lú ojú mi.

Báyìí, ohun tó kù ni tèmi. Mo ti kọ́ àwọn lẹ́tà náà, Sàfúrà. Má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dé iwájú ìwé ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí o ṣe fi pẹ́ńsù kọ ìpè wọn. Ojú ewé tí àmì rẹ dúró sí, mo lè pe ìlà kan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pè é sí Àáfà létí lánàá, ó mi orí, ó ní ó dùn ún gbọ́. Kí ni ó ń wí? Òun kò mọ̀, èmi kò mọ̀. Ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi ń ka ohun tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé mi, ó sì tó gẹ́ẹ́. Ní Kambolé, ní Tchamba, ní Sokodé, bí a bá wá a dé Bago àti Goubi, n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè bi.

Ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ Sokodé yóò gbé ìwé náà wá fún ọ lọ́la. Mo ti fi ewé máńgòrò há ojú ewé náà, mo sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Bí kò bá tíì yé ìwọ náà, kọ́ ọ títí yóò fi yé ọ, kí o wá sọ ohun tí ẹni tó kọ ìlà náà wí fún mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín, kí ó fi òye kún òye rẹ. Mò ń retí èsì. Èmi ti ń dàgbà lọ o, ọmọ mi. Má dúró de ìgbà tí Awáwù àti Ìdírísù bá dàgbà kí o tó dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ,
Mẹ̀mùnátù